Kí ọkọ rẹ̀ má da oògùn náà nù

Ọmọ ìyá mi ní Kubwa, o ní àbúrò rẹ bímọ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, pé látìgbà náà kò lè sùn láìlo Valium, oògùn oorun, àti pé ọkọ rẹ̀ fẹ́ da gbogbo rẹ̀ sí ṣáláńgá. Jọ̀wọ́, pè é kílẹ̀ tó ṣú. Kó má dà á nù.

Ohun tí ọkọ tèmi ṣe nìyẹn nígbà tí a wà ní Sabon Gari, Kánò. Oyún bàjẹ́ lára mi, oorun kò kùn mí mọ́, oníkẹ́míìsì ìtòsí wa fún mi ní hóró Valium kan. Kò bi mí ní ìwé dókítà. Kí ọdún tó yí po, ó ti di hóró mẹ́rin lálẹ́, mo ń so káàdì hóró náà métí ìró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi rí i, ó fi ìbínú kó o dànù. Ní ọjọ́ kẹta, mo ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìrẹsì ń fọ́n sílẹ̀. Ibi tí mo rántí dé nìyẹn. Wọ́n ní gìrì ló gbé mi, torí mo dá oògùn náà dúró lójijì. Ìyá ọkọ mi gbé epo pupa dé, wọ́n fẹ́ rọ ọ́ sí mi lẹ́nu, ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá Haúsá kan ládùúgbò, tó gba ife lọ́wọ́ wọn, tó sì fi ẹ̀gbẹ́ mi lélẹ̀. Epo tí ẹ bá rọ sẹ́nu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà fi ń dín oògùn náà kù. Oṣù mẹ́fà ni tèmi gbà, mo ń fi abẹ gé ìlàjì, mo ń gé ìdá mẹ́rin. Àwọn alẹ́ kan wà tí mo sunkún mọ́jú.

Kí àbúrò rẹ mú káàdì hóró náà dání lọ sílé ìwòsàn, kó sọ iye tó ń lò gan-an. Kó sọ pé òun ń fọ́mọ lọ́mú, torí oògùn náà ń bá ọmú lọ: bí ọmọ bá ń sùn jù tí kò mu ọmú dáadáa, kí wọ́n gbọ́. Bó bá ń fi ọtí, tramadol tàbí oògùn ikọ́ olómi oní-codeine (ìjọba ti fòfin dè é láti 2018, àwọn kan ṣì ń rí i rà) mọ́ ọn, kó má pa ìyẹn mọ́ rárá. Àpapọ̀ wọn ló máa ń mú èémí fà sẹ́yìn títí yóò fi dákẹ́. Bí ẹ bá jí i tí kò jí, tó ń han oorun bí ẹni pé ọ̀fun rẹ̀ dí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ pe 112, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Kí ọkọ rẹ̀ máa gba ọmọ lóru. Bí ojú bá ń tì í láti dá lọ bá dókítà, Nyanya ni mo wà. Màá bá a lọ.