Ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi ń dún: ṣé ṣọ́ọ̀kì ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Corolla 2005 ni mo ń wà. Bí mo bá ti wọ gálọ́ọ̀pù, ẹsẹ̀ iwájú á máa dún kó-kó-kó. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó. Ṣé kí n rà wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ná owó yẹn. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni kó má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ máa jó. Ẹ tẹ igun ọkọ̀ náà wálẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Bó bá gòkè tó sì dúró, tí kò máa jó sókè-sódò, tí òróró kò sì ṣàn lára ṣọ́ọ̀kì, ibòmíràn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Línkéèjì ni mo fura sí, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so stabilizer, irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Òun ló sábà máa ń dún bẹ́ẹ̀ lórí gálọ́ọ̀pù kéékèèké. Ẹ dì í mú, kí ẹ mì í. Bó bá ń ṣe jẹgẹjẹgẹ, ó ti gbó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì.

Èyí tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la ni bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ apá irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Bó bá yọ lórí eré, táyà á ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ ò sì ní gbọ́ ti yín mọ́. Ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà, kí ẹ fi nǹkan tó lágbára gbé ọkọ̀ ró, torí jáàkì nìkan kò ṣeé fọkàn tán. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Bó bá ń yẹ̀, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì: bí yíyẹ̀ náà bá dúró, bèárìnnì tí táyà fi ń yí ni, bí kò bá dúró, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ ọ̀tún sí òsì nìkan ló ti ń yẹ̀, taírọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí sítíárìnì fi ń yí táyà, ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ti bọ́ṣì, rọ́bà tó wà níbi tí apá irin náà ti so mọ́ ara ọkọ̀, ló ń dùn mí jù. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti ya, ẹ ó gbọ́ "gbì" bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì ló ń fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń rọ̀ lókè. Bí ọkọ̀ bá ti balẹ̀, rọ́bà á lọ́, lílọ́ náà ni yóò sì wà títí tí yóò fi ya. Bọ́ṣì tuntun lẹ rà o, oṣù díẹ̀ ni yóò lò. Ẹ dúró ti mẹkáníìkì yín: kó fún un díẹ̀, kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà, kó tó wá fún un gírígírí.

Bó bá sì padà já sí ṣọ́ọ̀kì, méjèèjì lẹ ó pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì gba ibẹ̀ lọ ṣe aláímẹ́ǹtì, ìyẹn títún ìdúró táyà ṣe kó lè gún, kí táyà tó jẹ lápá kan.