Ìdí Tí A Fi Ń Yẹ Igun Wò Nínú Linear Programming

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí. Mo mọ bí a ṣe ń fa ìlà lórí gíráàfù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ gbé ìbéèrè linear programming kalẹ̀, ìyẹn ìṣirò tí a fi ń wá èrè tó pọ̀ jù tàbí ìnáwó tó kéré jù láìkọjá àwọn ààlà tí wọ́n fún wa, n kì í mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì ní kí a máa yẹ igun àyè tí àwọn ìlà náà pààlà rẹ̀ nìkan wò, láìsọ ìdí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Ìdáhùn: Àwọn tó ń kùnà iṣẹ́ yìí kì í sábà kùnà nídìí gíráàfù, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ìṣirò ni ẹsẹ̀ wọn ti ń yọ̀. Nítorí náà, má tíì mú rúlà. Ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì bi ara rẹ pé: kí ló wà ní ìkáwọ́ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti pinnu? Òun gan-an ni x àti y.

Jẹ́ kí á mú káfíńtà kan tó ní pákó 40 àti wákàtí 36. Àga kan ń gba pákó 2 àti wákàtí 3, tábìlì kan ń gba pákó 4 àti wákàtí 2. Èrè orí àga kan jẹ́ 4, ti tábìlì kan sì jẹ́ 6. Kò lè fi kún pákó, kò sì lè fi kún wákàtí. Iye àga àti iye tábìlì tí yóò kàn nìkan ló lè pinnu. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé x ni iye àga, y sì ni iye tábìlì, nítorí ẹni tó bá kọ “x = àga” lásán kì í pẹ́ gbàgbé bóyá àga ló ń kà ni tàbí pákó.

Pákó tí yóò lò kò gbọ́dọ̀ ju 40 lọ, ìyẹn ni 2x + 4y ≤ 40. Wákàtí kò gbọ́dọ̀ ju 36 lọ, ìyẹn ni 3x + 2y ≤ 36. Má gbàgbé x ≥ 0 àti y ≥ 0, nítorí kò sí ẹni tó ń kan àga tó dín sí òdo. Èrè tí a fẹ́ kó pọ̀ jù lọ ni 4x + 6y. Bí o bá fa àwọn ìlà wọ̀nyí, àyè tí gbogbo wọn fàyè gbà yóò ní igun mẹ́rin: (0, 0), (12, 0), (8, 6) àti (0, 10).

Wàyí o, mú rúlà. Gbogbo ibi tí èrè ti jẹ́ 24 wà lórí ìlà kan ṣoṣo, 4x + 6y = 24. Gbé rúlà lé e, kí o sì máa tì í síwájú kúrò ní (0, 0) láìyí i: bó ṣe ń lọ ni èrè ń pọ̀ sí i. Ibi tó máa fọwọ́ kàn kẹ́yìn kó tó jáde kúrò nínú àyè náà ni ìdáhùn. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ àyè náà gún régé, tí kò sí èyí tó yọ ikùn, igun ni rúlà máa fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Bí ó bá tilẹ̀ sùn lé odindi ẹ̀gbẹ́ kan, bí yóò ti rí bí èrè àga bá jẹ́ 3, igun náà ló wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún. Ọgbọ́n yìí náà ni George Dantzig, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1947 nínú ọ̀nà simplex, tó ń ti igun kan bọ́ sí òmíràn níbi tí àwọn àmì bíi x àti y ti pọ̀ ju ohun tí a lè yà sórí ìwé.

Èrè àwọn igun wa jẹ́ 0, 48, 68 àti 60. Kíyè sí i pé tábìlì ló lérè jù lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ẹni tó bá kan tábìlì 10 nìkan yóò jẹ pákó tán, wákàtí 16 yóò sì ṣòfò. Ní (8, 6), kò sí pákó tó ṣẹ́ kù, kò sí wákàtí tó ṣẹ́ kù.

Bí ìdáhùn bá já sí ìdá, ṣọ́ra. Ká ní pákó jẹ́ 38, igun náà yóò bọ́ sí (8.5, 5.25). Bí o bá sọ ọ́ di (9, 5), yóò gba wákàtí 37, kò sì sí i. Bí o bá gé ìdá náà kúrò, (8, 5) yóò mú èrè 62 wá, nígbà tí (7, 6) tó wà nítòsí yóò mú 64 wá.