Ilẹ̀kùn Bedford Bàbá Ń Fì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bedford tí bàbá wa fi ń kó pákó ní Oko Bàbá ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì ń dún dáadáa. Ilẹ̀kùn ọwọ́ dírẹ́bà ló ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá ti ṣí i, á wálẹ̀. Kí n tó lè tì í, àfi kí n fọwọ́ méjèèjì gbé e sókè kí n sì gbá a. Wẹ́dà àdúgbò wa ní òun á jó híńjì náà, pé wàhálà tán. Ṣé kí n jẹ́ kó jó o? — Ọmọ Onípákó, Ṣómólú

ÌDÁHÙN: Rárá o.

Wẹ́dà yín kò parọ́: tó bá jó píìnì (irin tó gba àárín híńjì kọjá) mọ́ híńjì lónìí, ilẹ̀kùn á gbọ́ràn fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó jẹ nínú kò kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fì, píìnì ò ní í ṣeé yọ mọ́. Gíráńdà ni wọ́n á gbé tì í, ẹ ó wá máa wá odidi híńjì Bedford kiri Èkó. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bọ́lẹ̀kájà láyé ọjọ́un, ta ló ń kó páàtì rẹ̀ wọlé mọ́?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí àrùn wà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dé ìdajì, ẹ di etí rẹ̀ mú níbi lọ́ọ̀kù, ẹ máa gbé e sókè sódò díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíì máa wo híńjì méjèèjì. Bí apá híńjì kan bá ń mì lára ìkejì rẹ̀, píìnì àti búùṣì (òrùka tí píìnì ń yí nínú rẹ̀) ló ti jẹ. Bó bá jẹ́ odidi híńjì ló ń mì lára òpó ọkọ̀, bóòtì ló dẹ̀, tàbí kí òpó ti dógùn-ún; ìyẹn di ti panẹ́ẹ̀lì-bítà.

Pẹ̀lú ohun tí ẹ sọ, mo fura sí búùṣì. Idẹ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, torí ó rọ̀ ju irin lọ: òun ni wọ́n fẹ́ kó jẹ kí híńjì lè pẹ́. Ọkọ̀ tó ti ń sùn létí ọ̀sà látọjọ́ yìí, tí eruku ọyẹ́ tún ń wọ̀ ọ́ lára, bí ọ́ìlì bá gbẹ nínú híńjì rẹ̀, píìnì á dógùn-ún, á máa ha búùṣì, ihò tó rí róbótó á wá gùn bí ẹyin. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Píìnì tuntun nínú búùṣì àtijọ́, owó ṣòfò ni.

Ẹ fi jáàkì gbé abẹ́ ilẹ̀kùn dúró, kí ẹ fi pákó àti àkísà sáàárín kí ọ̀dà má bàa bó. Híńjì kan lẹ́ẹ̀kan o, ẹ má sì fọwọ́ kan bóòtì rẹ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ ni kí ẹ ti máa kán ọ́ìlì tó ń wọ ìpẹtà sí i. Bí kò bá sí, dísù náà á gbìyànjú. Ẹ má fi iná sí i, ọ̀dà àti rọ́bà ilẹ̀kùn á jó. Ẹ wo ibi tí orí píìnì wà, kí ẹ fi pọ́nṣì, irin tí wọ́n fi ń ti píìnì jáde, tó tín-ín-rín ju píìnì lọ gbá a láti ìdí. Ní ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta tí mo ti kọ́ṣẹ́, ẹni tó bá fi hámà ńlá bá irin jà, ìgbálẹ̀ ni ọ̀gá máa ń gbé fún un. Bí píìnì bá ń kọ̀, ilẹ̀kùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: ẹ gbé jáàkì sókè tàbí kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, ẹ tún gbìyànjú. Bí híńjì yín bá ní sípíríǹgì, ẹ wọ awò, kí ẹ fi àkísà bò ó kó má fò sí yín lójú.

Ẹ mú ògbólógbòó píìnì dání lọ sí ọjà Ládípọ̀ tàbí Òwódé Onírin. Bí kò bá sí, tọ́nà á fi léèdì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, gbẹ́ ẹ. Kó wọn ibi tí kò tíì jẹ lára rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kí píìnì há nínú apá híńjì kan, kó sì máa yí fàlàlà nínú búùṣì. Bí ihò bá ti gùn, kó lù ú di róbótó, kó ṣe búùṣì tó nípọn sí i. Ẹ má gba ìṣó ńlá, ẹ má sì gba rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kọ́lé.

Ẹ fi gírísì pa píìnì kó tó wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́ńjìnì ọ́ìlì ni: kán díẹ̀ sórí píìnì, ṣí ilẹ̀kùn kí o sì tì í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí o nu èyí tó yọ síta. Gírísì tí àwọn kan ń fi pa ara híńjì kì í wọnú, eruku ló ń kó. WD-40 dára láti tú ìpẹtà, àmọ́ kì í pẹ́ gbẹ. Ẹ fi ọ́ìlì tẹ̀lé e.

Bí ilẹ̀kùn bá wá ń gbá irin lọ́ọ̀kù lára òpó, ẹ má bẹ̀rù. Ẹnìkan ló ti sún irin náà wálẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ń fì. Ẹ dá a padà sókè.

ÌBÉÈRÈ: Híńjì pikọ́ọ̀pù mi ń dún kíìn-kíìn, mo da òróró àkàrà sí i. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. — Ìyá Alákàrà, Ìsàlẹ̀ Èkó

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, mà. Òróró oúnjẹ máa ń dì tó bá pẹ́, á wá lẹ̀ mọ́ eruku. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ kán ẹ́ńjìnì ọ́ìlì sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é nítòsí iná àkàrà.