Káńsù wa fẹ́ dán dátà wò: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ka ètò àti ìṣirò ni mo wà ní káńsù kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Alága fẹ́ ká máa fi dátà ṣe ìpinnu, ká sì máa gbé e síta kí gbogbo ará ìlú rí i. Iléeṣẹ́ kan ti wá pe owó sọ́fítíwíà fún wa, agbára wa ò ká a. Ṣé kò sí bá a ṣe lè kọ́kọ́ dán an wò?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀nà wà, ẹ má sì tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé wọ́n á ti ra ẹ̀rọ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí káńsù gbọ́dọ̀ pinnu láìpẹ́. Ká ní ti kànga ẹ̀rọ ni: èwo ló ti bàjẹ́, wọ́ọ̀dù wo la sì máa kọ́kọ́ tún tiẹ̀ ṣe? Ẹ fi ètò kan tó ń jẹ́ KoboToolbox ṣe fọ́ọ̀mù kékeré sórí fóònù Android. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, ó sì ń gba GPS kànga sílẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi ibi tó wà hàn. Ètò QGIS lẹ máa fi ya máàpù, ọ̀fẹ́ ni. Ààlà wọ́ọ̀dù wà lórí ìkànnì GRID3, òun náà ọ̀fẹ́ ni.

Àtúnṣe àkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an, òun ló sì máa gba àkókò yín jù. Akọ̀wé kan kọ “Oja-Oba”, èkejì kọ “Ọjà Ọba”, ẹ̀kẹta kọ “Ojaoba”: àdúgbò mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà máa kà á sí. Nítorí náà, ẹ fún kànga kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ ṣọ́ GPS náà pẹ̀lú. Òṣogbo wà ní nǹkan bíi dígírì 7.77 ní àríwá àti 4.56 ní ìlà-oòrùn. Bí ẹnì kan bá gbé ọ̀kan sípò èkejì, agbègbè etí òkun Akwa Ibom ni kànga yín máa bọ́ sí! Torí èyí ni mo ṣe máa ń ya máàpù láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé máàpù náà lọ bá àwọn káńsílọ̀ àtàwọn tó ń pọn omi níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kànga tẹ́ ẹ kọ pé ó ń ṣiṣẹ́ ti dákẹ́ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ padà lọ wò ó.

Ní ti gbígbé dátà síta, òfin FOI ti 2011 (òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìjọba) ti ní kí iléeṣẹ́ ìjọba máa tẹ oríṣiríṣi àkọsílẹ̀ jáde láìdúró kí ẹnì kan béèrè. Fáìlì CSV ni kẹ́ ẹ lò, ìyẹn tábìlì lásán tí Excel lè ṣí. Ìwé tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sínú PDF kò ṣeé ṣírò. Ẹ kọ ọjọ́ àyẹ̀wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó ń tọ́jú wọn kúrò, torí òfin ààbò dátà ti 2023.

Ìgbà tí Excel àti QGIS ò bá gbé iṣẹ́ yín mọ́ ni kẹ́ ẹ pe iléeṣẹ́ yẹn padà. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbogbo dátà yín á ṣeé kó jáde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn.