Ṣé Ìwé Àyẹ̀wò Àgbàlá Tó fún Ilé Àtijọ́ ní Agbègbè Iná Igbó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ ra ilé kan tí wọ́n kọ́ ní 1986 ní ẹ̀gbẹ́ òkè ní California, ní agbègbè tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà kà sí ibi tí ewu iná igbó ti ga gidigidi. Ẹni tó ń tà á ti fún wa ní ìwé pé àgbàlá yege nínú àyẹ̀wò. Ṣé ìwé yìí tó? Owó ọwọ́ wa kò pọ̀. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ìwé náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n koríko àti igi ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe ilé fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje, 2021 ni òfin ti ń béèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ta ilé ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jẹ́rìí sí ni pé wọ́n ti tún àyíká ilé ṣe dé ẹsẹ̀ bàtà 100, tàbí dé ààlà ilẹ̀ bí ilẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀: koríko kò gbọdọ̀ ga ju íǹṣì 4 lọ, ẹ̀ka igi gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 10 jìnnà sí ihò èéfín, a kò sì gbọdọ̀ to igi ìdáná sí àárín ẹsẹ̀ bàtà 30 sí ilé. Koríko a máa hù padà, nítorí náà lọ́dọọdún ni ojúṣe yìí yóò máa wà lọ́rùn yín.

Ìwé kejì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè. Níwọ̀n bí wọ́n ti kọ́ ilé náà ṣáájú 2010, ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ kọ àwọn ibi tí iná lè gbà mú un sílẹ̀ fún yín, bí ihò atẹ́gùn tí kò lè dá ìpẹ́pẹ́ iná (ẹyin iná kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbé) dúró, òrùlé onípáákó tí wọn kò fi oògùn tọ́jú, fèrèsé onígíláàsì ẹyọ kan, gọ́tà òrùlé tí kò ní ìdérí onírin, àti ewéko tó lè jó láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ògiri. Ohun tó bá mọ̀ nìkan ni òfin ní kó kọ, ẹni tí kò sì gun òkè àjà rẹ̀ rí kò lè mọ púpọ̀. Ẹ mú oníṣẹ́ tó mọ̀ nípa ilé dání, kó gun àkàbà wò ó fúnra rẹ̀.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ilé ju igbó lọ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọwọ́ iná ńlá ló ń jó ilé. Ìpẹ́pẹ́ iná ni, tí afẹ́fẹ́ lè gbé ju máìlì kan lọ ṣáájú iná gan-an, tí yóò bà sórí ewé gbígbẹ inú gọ́tà tàbí kó gba ihò atẹ́gùn wọ òkè àjà, kí ilé tó gbiná láti inú. Nígbà tí iná run ìlú Paradise ní California ní oṣù Kọkànlá 2018, tí ènìyàn 85 kú tí ilé àti àwọn ohun kíkọ́ mìíràn tó ju 18,000 lọ sì jóná, ọ̀pọ̀ ilé ló di eérú nígbà tí igi ẹ̀gbẹ́ wọn ṣì ní ewé tútù lórí.

Nítorí náà, ara ògiri ni kí owó kékeré yín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ hú òdòdó àti igbó kéékèèké abẹ́ fèrèsé kúrò dé ẹsẹ̀ bàtà 5, ẹ kó èèpo igi tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ dànù, kí ẹ sì fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí kọnkéré rọ́pò rẹ̀. Òfin 2020 kan ti fi abala ẹsẹ̀ bàtà 5 yìí kún òfin àyíká ilé ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò ní dúró de ẹni tó máa fipá mú mi ṣe é. Bí ọgbà onípáákó bá kan ògiri, ẹ fi irin rọ́pò apá tó kàn án. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú ihò rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì lọ bo gbogbo ihò atẹ́gùn, kí ẹ sì kó gọ́tà.

Òrùlé ni ìnáwó ńlá. Òfin ìkọ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 wà fún ilé tuntun, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pààrọ̀ ohun tó ju ìdajì òrùlé lọ láàárín ọdún kan, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ di Class A, ìyẹn ìpele òrùlé tó ń kọ iná jù lọ. Bí òrùlé náà bá jẹ́ onípáákó, ẹ yọ iye tí yóò ná yín láti pààrọ̀ rẹ̀ kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ fi ra ilé. Fèrèsé lè dúró.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ béèrè iye tí iléeṣẹ́ adójútòfò yóò gbà, nítorí àwọn mìíràn kì í gba ilé irú agbègbè bẹ́ẹ̀ rárá. Láti 2022, ìlànà ìpínlẹ̀ náà ní kí wọ́n dín owó kù fún ẹni tó bá ṣe irú àtúnṣe wọ̀nyí. Ẹ tọ́jú fọ́tò àti rìsíìtì gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe.