Ṣé mo lè sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó fọ ọwọ́ kó tó kan màmá mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti dá màmá mi dúró sí ọsibítù, wọ́n ń fa omi sí wọn lára. Gílọ́ọ̀fù tí nọ́ọ̀sì wọ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì náà ló wọ̀ wá bá màmá mi. Ṣé kò séwu? Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá torí ẹ̀ bínú sí màmá tí mi ò bá sí níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún màmá lálàáfíà. Ewu wà níbẹ̀ gan-an, ẹ sì lè sọ̀rọ̀, ẹ̀tọ́ yín ni.

Gílọ́ọ̀fù ò lè dípò ọwọ́ fífọ̀. Bí kòkòrò ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ náà ló ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà, téèyàn bá wọ ẹyọ kan láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ara ẹ̀ nìkan ló ń dáàbò bò, ó kàn ń kó ti ẹnì kan lọ fún ẹlòmíì ni. Aláìsàn kan, gílọ́ọ̀fù kan, tá a bá sì bọ́ ọ, ká tún fọ ọwọ́, torí ó máa ń lu nígbà míì tójú ò ní rí i.

Ìgbà márùn-ún ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ká máa fọ ọwọ́: ká tó kan aláìsàn, ká tó ṣe iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ ní ìdọ̀tí bíi ká fún èèyàn lábẹ́rẹ́, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ bá kàn wá, lẹ́yìn tá a bá kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tá a bá kan bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹrù ẹ̀. Ohun tí mo ń rí ní wọ́ọ̀dù ni pé àwọn "lẹ́yìn" yẹn ò ṣòro fún wa, torí ara wa là ń ṣe é fún. "Ká tó" méjì yẹn, tó jẹ́ ti aláìsàn gan-an, la máa ń fò, ó sì ń dùn mí.

Kì í ṣe ìwà burúkú ni gbogbo ìgbà o. Ẹ wo nọ́ọ̀sì kan lálẹ́ pẹ̀lú èèyàn rẹpẹtẹ, omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, táwẹ́lì kan ṣoṣo tí gbogbo wa ti ń nu ọwọ́ sí láti àárọ̀ ti tutù rinrin. Nígbà Ẹ̀bólà ní 2014, garawa omi ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa, àmọ́ nígbà tí WHO kéde ní October 20 pé Nàìjíríà ti bọ́, kò pẹ́ tí garawa náà fi gbẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn sanitáísà: ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 péré, kò sì bèèrè omi. Àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìdọ̀tí bá hàn lọ́wọ́, tàbí aláìsàn ń ṣu gbuuru, ọṣẹ àti omi ni.

Ẹ ra sanitáísà kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá. Kí nọ́ọ̀sì tó kàn wọ́n, ẹ sún un sí i jẹ́ẹ́jẹ́, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi pààrọ̀ gílọ́ọ̀fù yẹn kẹ́ ẹ fi díẹ̀ pa ọwọ́, ara màmá ò le." Ẹ má sọ ọ́ níwájú dókítà, ìyẹn ló máa ń di ìjà. Tó bá kọ̀, ẹ lọ bá mátíróònù. Ẹ̀yin náà, ẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó fún wọn lóúnjẹ.

Kẹ́ ẹ sì máa yẹ ibi tí omi ń gbà wọlé lọ́wọ́ wọn wò, torí inú ẹ̀jẹ̀ ló já sí tààrà. Tó bá ń pọ́n, tó ń wú, tàbí ara wọn ṣàdédé gbóná, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ òru, ẹ má dúró dọjọ́ kejì.