Ìdáhùn sí Opó Tí Wọ́n Ní Kò Gbọdọ̀ Ka Ìwé Ìfẹ́

Arábìnrin mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì bá yín kẹ́dùn ọkọ yín tí ó papò dà ní ọdún tó kọjá. Ẹ ní ẹ ti ka *Me Before You*, ìwé àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tí Jojo Moyes kọ nípa Louisa Clark, àti pé ẹ ti ka *After You* dé ìdajì kí ẹ tó pa á dé, nígbà tí Louisa bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn Sam, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pàjáwìrì tí ó tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ó já láti òkè ilé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín obìnrin bá ìwé náà lọ́wọ́ yín, ó sì ní opó kì í ka irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìparí lẹ́tà náà ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù: pé bí ẹ bá ti ń ka ọ̀rọ̀ Will, ọkùnrin ẹlẹ́nu mímú tí Louisa fẹ́ràn nínú ìwé àkọ́kọ́, ẹ máa ń rántí bí ọkọ yín ṣe máa ń dinú, tí kò ní bá yín sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ẹ̀rù sì ń bà yín pé ẹ ń bú òkú.

Ẹ kò bú òkú rárá. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Àmọ́ ẹ kò fẹ́ ère. Ọkùnrin tí ó ń bínú ni ẹ fẹ́, ọkùnrin tí ó jẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti kọ ọ́, àkàrà gbígbóná tí ó bá rà wálé ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ni ó fi ń bẹ̀ yín. Bí ẹ bá yọ ìdákẹ́ yẹn kúrò nínú ìrántí rẹ̀, àkàrà náà kò ní ìtumọ̀ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwé wọ̀nyí nìyẹn. Will rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn tí alùpùpù kọlù ú, ó kanra mọ́ Louisa, ó sì lọ fòpin sí ayé ara rẹ̀ ní Switzerland láìka ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sí. Louisa fẹ́ràn rẹ̀, ó sì bínú sí i. Sam tí ẹ ń sá fún pàápàá ń ṣọ̀fọ̀ arábìnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1999, Margaret Stroebe àti Henk Schut, àwọn onímọ̀ ní Nẹ́dálándì, ṣàlàyé pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ a máa lọ, a sì máa bọ̀, láàárín ẹkún òkú àti ìgbésí ayé tí ó kù láti gbé, àti pé ìsinmi kúrò nínú ẹkún wà lára ọ̀fọ̀ náà. Nítorí náà, ẹ ka ìwé yín. Ọ̀sán ni kí ẹ máa kà á, nítorí ẹ ní oorun kì í kùn yín mọ́ bí ẹ bá kà á lóru. Bí àìsùn náà kò bá sì dáwọ́ dúró, ẹ lọ rí dókítà.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, ẹ má ṣe bá wọn jà. Àbúrò wọn ni ó kú, mo sì rò pé ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹ fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ tí ara bá tù wọ́n, kí ẹ bi wọ́n léèrè bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe máa ń dinú nígbà èwe, àti ohun tí ìyá wọn máa ń ṣe tí ó fi ń sọ̀rọ̀.